Ohun Tí A Sin Dípò Àbúrò Mi

Èmi ni mo fá orí àbúrò mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó lọ sí ogun Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn rẹ̀, orí fífá yẹn ló dúró lé. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń jẹ àkàrà, mo sì ń bá a wí pé bí kò bá dá ẹnu rẹ̀ dúró, màá gé etí rẹ̀ fún ológbò. Mo fá a títí orí náà fi ń dán. Irun kan ṣoṣo ò kù níbẹ̀. Mo fi òróró àgbọn pa á, mo gbá a ní ìpàkọ́, mo ní, "Dìde. O ti dà bí ẹyin."

Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan ló mú kó máa fá orí. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Òun ló ń yin àgbá iwájú ọkọ̀ ogun. Ẹni tó bá ń yin àgbá gbọ́dọ̀ tẹrí sún mọ́ ihò tí wọ́n ń ti iná bọ̀, bí ẹ̀tù bá sì gbiná, iná á ta sí i lórí. Irun rẹ̀ ti jó lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà, gbogbo àdúgbò sì fi ṣe ẹlẹ́yà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Láti ìgbà náà, kì í jẹ́ kí irun hù lórí òun. Èékánná rẹ̀ ńkọ́? Dúdú ni, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, bíi ti aláró. Ìyá wa á fi ọṣẹ bó o, á fi kànrìnkàn bó o, dúdú ẹ̀tù ò kúrò níbẹ̀.

Àwa kì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkó la ti wá, nígbà tí òyìnbó fi àgbá lé ọba wa kúrò nílùú, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì bá a lọ. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò mi ò ju mẹ́fà lọ. Àgbá kan wà níwájú ọkọ̀ tí a fi sá, wọ́n sì kó àwa ọmọdé jókòó tì í nítorí pé ibẹ̀ ni omi kì í dé. Àbúrò mi gbá àgbá náà mọ́ra, ó sùn lọ. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ẹkún ló ń sun, ó ní òun ò ní í fi í sílẹ̀. Bàbá wa rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí ti rí ìyàwó fẹ́. Bàbá wa kú ní ọdún kejì tí a dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ò bá a kú. Wọ́n fi ń dá àbúrò mi lápàárá títí ó fi di géńdé, tí wọ́n sì fa àgbá náà lé e lọ́wọ́ ní tòótọ́.

Àgbá náà ò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ bí wọ́n bá gbé e nàró, ṣùgbọ́n géńdé mẹ́fà ló ń gbé e, wọ́n á sì máa mí hẹlẹ. Okùn ni wọ́n fi dì í mọ́ igi níwájú ọkọ̀. Bó bá ti dún, á ta sẹ́yìn bí ẹṣin tó ń tàpá, gbogbo ọkọ̀ á mì. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi máa ń so etí okùn náà mọ́ ìbàdí ara rẹ̀.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Kí ló dé tí o fi ń so ara rẹ mọ́ irin bí ewúrẹ́?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá ta mí nù, inú omi lẹ ó ti máa wá mi. Báyìí, ibi tí ẹ bá ti rí i, ibẹ̀ lẹ ó ti rí mi."

Mo pòṣé, mo padà sídìí ẹja mi. Opó ni mí nígbà náà. Ìgbóná ti pa ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́, mo sì ti padà sílé ìyá mi, ẹja ni mo ń yan tà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ náà. Bí àbúrò mi ṣe wà níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yìí wà ní ìdí ọkọ̀, òun ló ń fi àjẹ̀ darí rẹ̀. Ó ti ìlú mìíràn wá sí Ẹ̀pẹ́, kò ní ìyá, kò ní bàbá, ilé wa ló ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n ni fìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí kì í ṣí lórí. Ó ń jẹun, fìlà wà lórí. Ó ń wẹ̀ lódò, fìlà wà lórí. Àbúrò mi á ní, "Fìlà ni ìyá rẹ bí, ìwọ lo tẹ̀ lé e jáde." Òun á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á tún fà á wálẹ̀ sí i.

Nígbà tí ogun dó ti Ìkòròdú láti ìhà òkè, ọ̀nà oko dí mọ́ wọn, omi nìkan ló kù. Àwọn oníbàárà ìyá wa wà níbẹ̀, àwọn tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ wa láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé ebi ń pa wọn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn àgbà ní kó lọ, kó kó gàrí, ẹja yíyan àti ẹ̀tù dé ọ̀dọ̀ wọn, kó sì padà. Ọkọ̀ àbúrò mi ni, kí ẹrù sì lè gbà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló wọ̀ ọ́. Ẹja tí mo yan fúnra mi wà nínú ẹrù náà.

Ìyá wa tẹ̀ lé wọn dé etí ọ̀sà. Kò sunkún. Abiyamọ kì í sunkún níwájú ọmọ tó ń lọ sógun. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi ló pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ ń lọ ni, kí ẹ jọ bọ̀. Má ṣe fi ọwọ́ òfo kan ilẹ̀kùn mi o."

Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Ìyá, mi ò ní í fi ọwọ́ òfo wá."

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ láti fi lé ẹ̀rù jáde ni. Ta ló mọ̀ pé yóò dì í mú báyẹn?

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ọ̀rẹ́ náà wọlé wá ní òun nìkan. Mo ń yí ẹja lórí iná. Mo rí i tó kúnlẹ̀ níwájú ìyá wa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ bí obìnrin, ó gbé ìdì aṣọ funfun kékeré kan lé ọwọ́ méjèèjì. Ó ti rù. Fìlà rẹ̀ tú lórí, ó ń bọ́ sí i lójú, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé ebi Ìkòròdú mà le o, tó fi rù dé orí. Ohun tí mo ń rò nìyẹn nígbà tí ayé mi ń wó.

Ó ní, "Ìyá, wọ́n ti sin ín. Àwọn Mùsùlùmí Ìkòròdú ló sin ín, wọ́n sì kírun sí i lára. Èyí ni mo lè mú bọ̀."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ìdì náà. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí a ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọn a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a gbé e wá fún àwọn ènìyàn rẹ̀, wọn a sì sin ín bí ẹni sin òun gan-an. Lèmọ́mù àdúgbò wa wá, ó ní kò sí irú èyí nínú ìwé wa, pé ẹni tí wọ́n ti kírun sí lára, ó ti parí. Ìyá wa ní, "Ẹ má bínú, Àfáà. Ìwé kọ́ ló bí i. Èmi ni mo bí i." Lèmọ́mù wò ó títí, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Èmi ni ìyá ní kí n tú ìdì náà, kí n kó ohun inú rẹ̀ sínú àlà tuntun, nítorí pé ojú tirẹ̀ ò gbà á. Mo wọ yàrá, mo tú u. Irun náà gùn tó oríkèé ìka, ó ká jọ. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré ló ti kọjá tí mo fá orí àbúrò mi dan. Láàárín irun náà, ó funfun. Kì í ṣe okùn ewú kan tàbí méjì o. Ìdì kan ni, funfun báláú. Àwọn èékánná náà mọ́ tónítóní, kò sí dúdú ẹ̀tù lára ọ̀kankan nínú wọn.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ayọ̀ ló kọ́kọ́ bá mi. Irun arúgbó ni mo dì mú! Òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gé e lára. A jẹ́ pé àbúrò mi ò kú. Wọ́n mú un ni. Ó wà níbì kan tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, yóò sì já okùn, yóò sì padà wá sílé. Mo fẹ́ kígbe.

Nígbà náà ni ìyá wa ti ẹnu ọ̀nà béèrè pé, "Òun ni?"

Àwọn àgbà wa ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kí ó nù lọ. Mo mọ ohun tí ọmọ tó nù máa ń ṣe fún abiyamọ. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ nù ní Èkó ní ọjọ́ tí a sá, ojoojúmọ́ ló máa ń lọ sí etí omi láti ka ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀, títí tí orí rẹ̀ fi dàrú. Mo wo irun ọwọ́ mi. Mo wo ẹ̀yìn ìyá mi tó tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Òun ni, Ìyá."

A sin ín sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí mo ti fá a lórí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wa mu ẹ̀kọ, ó sì sùn. Èmi ni mi ò sùn mọ́.

Ẹni tó bá mọ̀ pé òkú ilé òun kì í ṣe òkú ilé òun, ẹ̀dùn rẹ̀ ò lórúkọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ìyá á jókòó ti òkìtì kékeré náà, á máa sọ fún un pé òjò ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹja ò pọ̀ lọ́dún yìí. Inú á máa bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé baba arúgbó kan lẹ ń bá sọ̀rọ̀, pé ọmọ tirẹ̀ náà ń wá a kiri. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo ọ̀sà, mo máa ń gbọ́ ikọ́ àbúrò mi láàárín omi, ikọ́ ẹni tí èéfín ẹ̀tù ti bà lọ́nà ọ̀fun jẹ́. Màá fi ẹja sílẹ̀ kó jóná. Màá dúró. Apẹja kan á yọ jáde, á kí mi, á kọjá.

Ní ọdún kan lẹ́yìn ogun, obìnrin oníyọ̀ kan fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ fún mi pé òun rí i ní ọjà Ẹ̀jìnrìn, tó ń ta ẹní. Ó ní kí n má ṣe lọ, pé akúdàáyà ni, ẹni tó ti kú níbì kan tó lọ ń gbé ayé níbòmíràn, bí ará ilé rẹ̀ bá sì ti rí i, yóò pòórá. Mo ní akúdàáyà kọ́, àbúrò mi ni. Mo wọ ọkọ̀ lọ. Mo rí orí tó dán, mo rí èjìká, mo sì fi orúkọ tí èmi nìkan ń pè é pè é. Ọkùnrin náà yíjú. Ilà kún ojú rẹ̀, ó sì dàgbà ju àbúrò mi lọ dáadáa. Ó ní, "Ẹní lẹ fẹ́ rà ni?" Ojú tì mí, mo ra ọ̀kan. Mo ká a, mo fi í ti ògiri yàrá mi. Mo ní ìgbà tó bá dé, kò ní í sùn sórí ilẹ̀.

Nígbà tó di ọdún kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: nítorí kí n lè bi í léèrè ni mo ṣe gbà. Mo rò pé lọ́jọ́ kan, nínú ilé, màá ní, "Irun ta lẹ mú wá?" Ṣùgbọ́n ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń pọn omi fún ìyá wa, ó ń tún ilé ṣe, ìyá sì ń pè é ní ọmọ mi. Bí mo bá la ẹnu, ìyá á gbọ́. Mo pa ẹnu mọ́. A bí ọmọ méjì.

Kò wọ ọkọ̀ ogun mọ́. Kò lọ sí ìlú rẹ̀ mọ́ láéláé, àní nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é wá jẹ ogún. Kì í dá òkìtì ẹ̀yìn ilé náà kọjá, á yí i po, bí ẹni tí ó ń yẹra fún ẹsẹ̀ ẹni tó sùn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n á fá a lórí kodoro, á sì dé fìlà rẹ̀ padà. Mo rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni.

Ìyá wa kú, ó ní kí a sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà. Lọ́jọ́ náà, ọkọ mi sunkún ju èmi tí wọ́n bí lọ.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ogun ti parí nígbà tí ibà dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Fún ogójì ọjọ́, kò lè jáde. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, mo rí i pé irun ti kún abẹ́ fìlà. Mo ní, "Baba ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n fá a fún yín." Ó ní rárá. Mo ní òórùn ti ń jáde níbẹ̀. Agbára àtijiyàn ò sí lára rẹ̀. Mo ṣí fìlà náà, mo tẹ́ aṣọ funfun kan lé e léjìká, mo mú abẹ.

Apá ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn etí rẹ̀, ó funfun. Ìdì kan ni, bí òwú, gbogbo ìyókù sì dúdú. Mo fá a, ó jábọ́ sórí aṣọ náà, dúdú àti funfun pọ̀, ó ká jọ. Irun tí mo ti rí rí ni. Ọwọ́ mi dúró.

Mo ní, "Irun ta lèyí?"

Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nílé wa, Bàbá Arúgbó ni àwọn ọmọdé ń pè mí. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ń dé fìlà."

Mo ní, "Àbúrò mi dà?"

"Ìpàkodò la wà, létí omi Ìkòròdú. A ti já ẹrù, a fẹ́ máa bọ̀. Àwọn tó dó ti ìlú náà ń yìnbọn sí wa láti inú igbó. Ó ní kí n mú ọkọ̀ dúró gbọnin, òun fẹ́ dá wọn lóhùn. Mo mú un dúró. Ó ti iná bọ̀ ọ́. Ọta kan fẹ́ kọjá létí mi, ẹ̀rù bà mí, mo yí àjẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni mo yí i." Ó fi ọwọ́ hàn mí bó ṣe kéré tó. "Àgbá dún nígbà tí ọkọ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn já lára igi. Kò já ní ìbàdí rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ò wọ omi lọ bá a?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi ba okùn náà. Ó le gbagidi. Mi ò mú ọ̀bẹ dání. Mo fà á, kò wá. Ìyá ti ní kí n má fi ọwọ́ òfo kan ilẹ̀kùn òun. Kí ni mo ní? Ara mi nìkan ni mo ní. Mo gé e."

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ló máa mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tí wọ́n bá ti sin irun àti èékánná rẹ̀, wọ́n ti sin ín. Kò tún sí ohun tí wọ́n lè sin mọ́. Ó gbé ikú ara rẹ̀ lé ọwọ́ méjèèjì, ó fi tọrẹ fún ìyá mi, ó sì ń rìn yí ibojì ara rẹ̀ po láti ọjọ́ náà.

Mo bínú. Ẹ má rò pé mo káàánú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo kígbe mọ́ ọn pé, "Èmi ni mo fá orí rẹ̀! Ẹ mọ̀ pé orí rẹ̀ ń dán! Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń dúró dè é!"

Ó ní, "Mo rò pé ojú ọ̀fọ̀ ò ní í rí i." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìyá nìkan ni mo rò."

Àbúrò mi kú lọ́jọ́ náà, fún èmi. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ọkọ mi sì jókòó níwájú mi, ìdajì orí rẹ̀ fífá, ìdajì ní irun. Nígbà tí mo sunkún tán, mo dìde, mo fá ìyókù.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ le díẹ̀, ó mú mi lọ sí Ìpàkodò. Ó nawọ́ sí ibì kan lójú omi. Apẹja kan wà nítòsí tó rò pé a fẹ́ ju àwọ̀n síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ju tiyín síbẹ̀ o. Àwọ̀n máa ń há níbẹ̀. Nǹkan kan wà nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kó bọ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo da ẹja yíyan tí mo gbé dání sójú omi náà, a sì padà sílé.

Ọkọ mi ò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní kí a sin òun sẹ́yìn ilé, kí òun lè lọ bá ara òun, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe. Báyìí, ó ní ibojì méjì nílé wa, ìyá mi sì wà láàárín wọn. Àbúrò mi ò ní ọ̀kan.

Wọ́n ṣì máa ń wá bá mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ní òun rí i ní Ìjẹ̀bú, pé orí rẹ̀ ń dán, pé kò dàgbà rárá. Mo ní kó má wá sọ fún mi mọ́. Mo mọ ibi tó wà. Ẹní rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.